Iwe Adìẹ Tí Mo Jẹ Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Alága ìjókòó, mo kí yín. Missi Eseza Kyobe, ìyá tó dá magasíìnì Amasiga sílẹ̀, tí ẹ jókòó síwájú mi níbẹ̀ yẹn tí ẹ wọ gíláàsì dúdú bí ẹni tí wọ́n rán wá ṣọ́ mi, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà ìdílé, lọ́kùnrin lóbìnrin, mo kí yín. Ẹ̀yin àlejò tẹ́ ẹ ti Jinja wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Masaka wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá torí tèmi àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá torí oúnjẹ, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan, torí mo mọ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi, Erifaazi Mukalazi, mo kí yín o. Nnaalongo Maliza, ìyá ìbejì, aládùúgbò mi tó mọ ohun tí mo sè lánàá àti lóṣù tó kọjá, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, Nnaalongo, ẹ jẹ́ n sọ tèmi tán kí ẹ tó sọ tiyín. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ kí gbogbo yín bí obìnrin Buganda gidi, ṣùgbọ́n orúnkún mi ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi. Bí mo bá kúnlẹ̀ báyìí, ẹ̀yin náà lẹ máa gbé mi dìde, ọ̀la la ó sì tó tú ká.

Ẹ̀yin èèyàn mi!

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́ nínú yín. Èmi alára, tí kì í bá ṣe pé ẹnu mi báyìí ni mo fi jẹ ẹ́, ǹ bá ní irọ́ ni.

Ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí olùdarí ètò kà lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ní ọdún mẹ́rìndínlógójì sẹ́yìn, Yunia Nabbosa, akọni obìnrin, dúró níwájú kámẹ́rà, ó fi ìgboyà jẹ iwe adìẹ, kí gbogbo obìnrin ilẹ̀ wa lè bọ́ lọ́wọ́ èèwọ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin yunifásítì tó jókòó lápá ọ̀tún yẹn náà dìde, ó ní ọ̀rọ̀ iwe yẹn lòun fi gba oyè. Ẹ kú oríire, ọmọ mi. Ẹ wo àga onítìmùtìmù tí wọ́n gbé síbẹ̀ yẹn, ẹ wo àwòrán tí wọ́n fi gíláàsì bò lórí ẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ sí nísàlẹ̀ pé, "Ó jẹ ẹ́ nítorí gbogbo wa." Ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì mi ni wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e fún mi. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Bí mo bá jẹ́wọ́ tán tẹ́ ẹ ní ẹ ò fún mi mọ́, ẹ gbé àwòrán lọ. Ẹ fi àga sílẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti yàrá kan ṣoṣo tó wà lókè ilé àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Katwe. Obìnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀, Missi Eseza ni olórí wọn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó sì gbọ́dọ̀ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, àfi bí aṣọ tí wọ́n yá wọ lọ síbi ìgbéyàwó. Amasiga ni wọ́n sọ magasíìnì náà, ìyẹn òkúta mẹ́ta tí à ń gbé ìkòkò lé, torí àwọn náà mẹ́ta ni, ààrò mẹ́ta kì í sì í da ọbẹ̀ nù. Gbogbo Katwe ló fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwọn ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nísàlẹ̀ á gbójú sókè, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ìyá, ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ matooke ti ń bó ara ẹ̀ nílé ni, tẹ́ ẹ fi ráyè ìwé kíkọ?" Missi á na orí jáde lójú fèrèsé, á ní, "Ó ń bó ara ẹ̀, bàbá. Ẹ lọ wò ó nílé yín, bóyá ìyàwó yín ṣì wà níbẹ̀."

Ọjọ́ tí mo wá wáṣẹ́, Missi bi mí pé, "Yunia, ṣé o lè kàwé?"

Mo ní, "Rárá, Missi."

"Ṣé o lè kọ orúkọ ẹ?"

"Rárá, Missi."

"Kí lo wá lè ṣe níbi tí wọ́n ti ń ṣe magasíìnì?"

Mo ní, "Tíì tí mo bá sè, ẹni tó ń bínú á jókòó."

Missi ní, "Bẹ̀rẹ̀ lónìí. Gbogbo wa là ń bínú."

Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ magasíìnì nìyẹn, èmi tí mi ò mọ orí ìwé yàtọ̀ sí ìdí ẹ̀.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí èyí àkọ́kọ́ jáde, Missi pè wá jọ. Ó ní a máa rọra wọlé ni, torí ẹni tó bá fi ariwo wọlé, ariwo náà ni wọ́n á fi tì í síta. Ó ní kí àwòrán iwájú jẹ́ ti ìyàwó rere tó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ ẹ̀, tó gbé lúwómbò fún un, odidi adìẹ tí a dì sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn ọkọ á rí i, inú wọn á dùn, wọ́n á rà á lọ fún ìyàwó wọn. Tí ìyàwó bá wá ṣí inú ẹ̀, á bá ọ̀rọ̀ pàdé. Ẹ ò rí i pé orí Missi pé? Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Ó tó, ẹ má jẹ́ kó wú wọn lórí.

Wọ́n lọ yá ọkọ kan ní ilé ìfìwéránṣẹ́, Mista Ssebunnya, ọkùnrin gíga tí eyín ẹ̀ funfun. Faibe Namukasa, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, òun ló máa ṣe ìyàwó. Mista Pinto tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ló máa ya àwòrán. Ará Goa lókè òkun ni, ẹni jẹ́jẹ́, àmọ́ kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ iwe. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí iwe ló ń jẹ ẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n se lúwómbò.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tẹ́ ẹ̀ ń jẹ adìẹ nínú páálí lójú títì, ẹ ò lè mọ̀. Nígbà yẹn, obìnrin wa kì í jẹ adìẹ, kì í jẹ ẹyin. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ ní ìgboro ń jẹ ẹ́ pamọ́ ni. Iwe wá ni baba gbogbo ẹ̀. Iwe gbọ́dọ̀ jókòó lórí adìẹ bí adé, kí baálé ṣí ewé kó kọ́kọ́ rí i. Ìyàwó tó bá gbé adìẹ tí kò níwe wá síwájú ọkọ, ẹrù ẹ̀ ni wọ́n ń dì.

Mo dìde ní kùtùkùtù. Mo pa àkùkọ, mo tu ìyẹ́ ẹ̀, mo fi ẹ̀pà gígún sí i, mo dì í, mo gbé e kaná. Mi ò fi nǹkankan kan ẹnu. Aago mẹ́wàá ni wọ́n ní a máa yàwòrán. Aago mẹ́wàá lù, Mista Ssebunnya ò dé. Aago méjìlá, wọ́n ní ó lọ gẹ irun. Aago méjì lù, ẹ̀yin èèyàn mi! Ewé yẹn wá yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òórùn ẹ̀pà jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n tún ewé dì, èmi àti iwe bá ṣe ojú kojú. Ó wò mí. Mo wò ó. Ta ló máa wà níbẹ̀ nínú yín tó máa kọ́kọ́ yẹ ojú?

Mo mú un, mo gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná lọ, níbi tí oòrùn ti ń tàn, mo dijú, mo bù ú jẹ. Mo gbọ́ "káà!" Mo rò pé eyín mi ni.

Kì í ṣe eyín mi. Mista Pinto ló wà níbẹ̀, ó ń wo bóyá oòrùn tó fún kámẹ́rà ẹ̀.

Ssebunnya dé, ó wọ kanzu funfun, ẹ̀wù gígùn tí a yá fún un, ó jókòó lórí ẹní. Faibe kúnlẹ̀, ó gbé lúwómbò síwájú ẹ̀. Ssebunnya ṣí ewé. Ó wò ó. Ó gbé apá adìẹ sókè, ó wo abẹ́ ẹ̀. Ó gbé itan, ó wo abẹ́ ẹ̀.

"Iwe dà?"

Faibe ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín, Mista Ssebunnya. Àwòrán lásán ni."

"Mo ní iwe dà?"

"Ẹ ò tiẹ̀ ní jẹ ẹ́, wíwò lẹ máa wò ó."

"Ẹ gbọ́ obìnrin yìí! Kí lẹ ní kí n máa wò? Kí gbogbo Buganda rí èmi Ssebunnya níwájú adìẹ tí kò níwe? Kí àna mi rí i? Kí wọ́n ní nílé Ssebunnya, ológbò ló ń jẹ iwe?"

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó bọ́ kanzu wa, ó wọ ṣòkòtò ẹ̀, ó lọ. Ó padà wá. A rò pé ó gbà. Ó mú itan adìẹ kan, ó tún lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Mista Pinto gbé fọ́tò wá. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì mọ́ rekete. Èmi nìyẹn, ojú mi dì bí ẹni tó ń gbàdúrà, iwe lẹ́nu mi. Ìwé títẹ̀ ò sì lè dúró, ọjọ́ Fúráìdé ni magasíìnì gbọ́dọ̀ jáde. Missi pè mí. Ó ní, "Yunia, kí lèyí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ tó bá yára, ó máa ń wọṣọ dáadáa ju òótọ́ lọ. Ẹnu mi kàn là, mo ní, "Missi, mo jẹ ẹ́ nítorí gbogbo wa."

Missi gbé fọ́tò náà súnmọ́ ojú. Wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n nù ún. Wọ́n tún wo fọ́tò. Wọ́n ní, "Ẹ gbé e síwájú. Ẹ kọ ohun tó sọ sábẹ́ ẹ̀."

Òótọ́ tí mo wá sọ lónìí nìyí. Missi, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mi ò jẹ ẹ́ nítorí gbogbo yín. Mi ò tiẹ̀ rántí ẹnikẹ́ni nínú yín. Ebi ló ń pa mí. Ọ̀dọ́mọbìnrin yunifásítì, dákun, má jẹ́ kí wọ́n gba oyè yẹn padà.

Kí ni Missi ń wí? Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ n gbọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí Missi sọ o! Wọ́n ní, "Yunia, láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀. Ìka méjì ló wà lẹ́nu ẹ nínú fọ́tò yẹn. Ẹni tó ń jẹun nítorí aráyé kì í lá ìka."

Háà! Missi, ẹ mọ̀, ẹ wá jẹ́ kí n gbé ẹrù yìí kiri fún ọdún mẹ́rìndínlógójì?

Wọ́n ní, "Magasíìnì ń tà."

Ó dáa. Ẹ jẹ́ n máa bá ọ̀rọ̀ lọ, èmi àti Missi á parí tiwa nílé.

Ọjọ́ Fúráìdé pé. Kí oòrùn tó mú, Amasiga ti tán ní ibùdó ọkọ̀. Àwọn obìnrin ń rà á, wọ́n ń ká a mọ́ abẹ́ ọ̀já busuuti, aṣọ ńlá wọn. Àwọn ọkùnrin ń rà á láti fi bínú. Ọkọ mi Erifaazi, ẹ mọ̀ pé télọ̀ ni, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan ló ń jókòó sí. Obìnrin kan wá bá a, ó ní, "Télọ̀, ẹ rán busuuti fún mi, kí èjìká ẹ̀ dúró báyìí bíi ti ìyàwó inú fọ́tò yìí." Erifaazi wo èjìká aṣọ. Inú ẹ̀ dùn. Ó ní, "Ọwọ́ mi nìyí! Èmi ni mo rán aṣọ yìí!" Ẹ wò ó bó ṣe ń bo ojú, ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Rírán ọwọ́ ẹ̀ ló kọ́kọ́ dá mọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá gbójú sókè díẹ̀, sí orí aṣọ.

Ó dé sílé. Ó tẹ́ magasíìnì síwájú mi.

"Yunia."

"Ẹ káàbọ̀, bàbá Kizito."

"Ta nìyí?"

"Ó fẹ́ jọ èmi."

"Kí ló wà lẹ́nu ẹ̀?"

"Ó fẹ́ jọ iwe."

"Oníbàárà mẹ́rìnlá ló wá bá mi lónìí, Yunia. Mẹ́rìnlá! Kò sí èyí tó mú aṣọ wá. Wọ́n kàn ń bi mí bóyá mo ti jẹun ni!"

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó pe àwọn àgbà ìdílé ẹ̀ jọ. Wọ́n pe ssenga mi pẹ̀lú, àbúrò bàbá mi obìnrin tó kọ́ mi ní ilé ọkọ, wọ́n ní kó wá ṣàlàyé ohun tó kọ́ mi. Ssenga ní, "Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀. Mi ò rò pé ó yẹ kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu dé." Mzee Lubuulwa, àgbà wọn, wá dá ẹjọ́. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Kí n dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, kí n sọ pé àwọn obìnrin Amasiga ló tàn mí, kí wọ́n kó magasíìnì náà jọ kí wọ́n dáná sun ún, kí obìnrin kankan nílé wọn má kà á mọ́. Tí mi ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí n di ẹrù mi padà sílé bàbá mi, kí Kizito àti àbúrò ẹ̀ dúró lọ́dọ̀ bàbá wọn.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi kejì wà nìyí, ó burú ju ti iwe lọ. Mo wo ọmọ méjèèjì. Mo wo Mzee. Mo la ẹnu. Ẹ̀yin obìnrin Amasiga, mo fẹ́ tà yín. Ó ti dé ètè mi: "Wọ́n tàn mí ni." Ó ku kó jábọ́.

Ẹ̀ ń wò mí, ẹ̀ ń wo Erifaazi níbẹ̀ yẹn pẹ̀lú tíì ọwọ́ ẹ̀, ẹ mọ̀ pé kò lé mi. Ẹ mọ̀ pé mi ò tà yín. Báwo ló ṣe wá parí? Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dúpẹ́ kí n sì gbàdúrà, torí tí mo bá sọ èyí tó kù tán, ẹ̀rín ò ní jẹ́ kí ẹ ráyè ṣe àmín.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo obìnrin tó kọ lẹ́tà sí wa. Ìyàwó kan kọ ọ́ láti Mukono pé òun jẹ ẹyin níwájú ìyá ọkọ òun, ìyá ọkọ wo ojú ọ̀run, nígbà tí ọ̀run ò já, ìyá ọkọ náà bu díẹ̀. Òmíràn kọ ọ́ pé òun ti jẹ iwe, ó le, kò dùn, ṣé torí èyí ni wọ́n ṣe ń dẹ́rù bà wá láti ìgbà ìwáṣẹ̀? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, tí ẹnì kan á máa kà á, tí ogún á máa gbọ́, tí ọgbọ̀n á máa jiyàn. Ní ọdún tí ìjọba ní síkẹ́ẹ̀tì obìnrin ò gbọdọ̀ kọjá orúnkún lọ sókè, a ti tẹ àwòrán síkẹ́ẹ̀tì kúkúrú tán, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ṣé ẹ rántí? Gbogbo wa jókòó sílẹ̀, a fi yíǹkì dúdú fa síkẹ́ẹ̀tì gùn níkọ̀ọ̀kan, àfìgbà tí ọwọ́ mi yá jù, mo fa ti ẹnì kan dé ojú títì. Obìnrin yẹn kọ lẹ́tà wá, ó ní òun fẹ́ ra irú ẹ̀.

Missi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́tọ̀. Ọdún kọkànlá ni ẹ kọ́ mi ní ìwé kíkà, ẹ̀yin àti Amasiga àtijọ́ lórí tábìlì tíì. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ kà délẹ̀ ni èyí tó wà lábẹ́ fọ́tò mi. Mo kà á, mo tún un kà. Ojú tì mí débi pé mo da tíì nù. Ẹ rò pé ayọ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbìyànjú láti ṣe nǹkan kan, ó kéré tán ẹyọ kan, nítorí gbogbo yín ní tòótọ́. Bí mo ṣe ń ru magasíìnì kiri ọjà nìyẹn, nínú òjò, nígbà tí a ò rí bẹ́ẹ̀bà, nígbà tí ìbọn ń dún. Bóyá mo ti san án. Bóyá ó ṣì ku díẹ̀.

Erifaazi, mo dúpẹ́ o. Láti ọdún yẹn, kò sí Kérésì kan tí ẹ ò ra adìẹ. Ọwọ́ ara yín lẹ fi ń gbé iwe fún mi, ẹ ó wá jókòó, ẹ ó máa wo ẹnu mi bí ẹni tó ń wo ilé ẹ̀ tó ń jó. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ yín rọ.

Ó yá, ẹ ṣe àmín. Ẹ̀yin tó kù nídìí Amasiga, iná ò ní kú lábẹ́ ààrò yín. Bẹ́ẹ̀bà ò ní wọ́n yín. Ọmọbìnrin yín ò ní jẹ ohun rere lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́, gbangba ni wọ́n á ti máa jẹ ẹ́, wọ́n á sì lá ìka. Ebi tó bá fẹ́ ṣì yín lọ́nà, kó ṣì yín sí ọ̀nà rere bíi tèmi. Àlejò tó wá, ẹ ó délé ire. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ gbà mí ní alásè tíì, tẹ́ ẹ dá mi padà ní ìyá.

Ó wá ku ìyókù. Mo ti la ẹnu, ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi, gbogbo àgbà ti na ọrùn. Ni ohùn kan bá ti ẹ̀yìn ọgbà esùsú wá. Nnaalongo Maliza ni, orí ẹ̀ yọ lókè ọgbà, ó ru garawa omi, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ yìí ló mú kí àwọn àgbà rẹ́rìn-ín tú ká, tí ẹjọ́ mi fi parí síbẹ̀:

"Erifaazi, ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbóòórùn ìkòkò yín. Mọ́ńdè, ẹ̀wà. Túsìdeè, ẹ̀wà. Sọ́ńdè, ẹ̀wà àná tí ẹ mú gbóná. Adìẹ wo lo rà rí, tí Yunia jẹ iwe ẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́?"